Ìtàn Àìfẹnukò Àwọn Asọtẹ́lẹ̀ Ìjì Oòrùn

Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ojú ọjọ́ òfurufú ni àpapọ̀ ìyípadà tí oòrùn ń fà ní gbalasa tó wà láàárín òun àti ayé, bẹ̀rẹ̀ láti orí afẹ́fẹ́ oòrùn, èyíinì ni èérún oníná mànàmáná tí ń ṣàn kúrò lára oòrùn tọ̀sán-tòru, títí dé orí ìjì òòfà, èyí tí ń mi abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, tí ń da ìgbì rédíò rú, tí ó sì lè sọ odidi ìpínlẹ̀ kan sínú òkùnkùn. Lónìí, àwọn iléeṣẹ́ tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ irú ìjì bẹ́ẹ̀ wà ní Boulder ní Amẹ́ríkà, ní Exeter ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní Ọsirélíà, ní Jàpáánù, àti ní Hermanus ní Gúúsù Áfíríkà, láìdárúkọ àwọn yòókù. Ó sì wọ́pọ̀ pé kí gbogbo wọn wo oòrùn kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan sọ pé ìjì ńlá yóò dé ní ọ̀sán ọ̀la, kí èkejì sọ pé ìjì kékeré ni, òru ni yóò sì wọlé, kí ẹ̀kẹta sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ayé kọjá láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ lè rò pé ọ̀kan nínú wọn kò mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n àìfẹnukò náà ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìtàn: ohun tí ó bí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, irinṣẹ́ tí kálukú jogún yàtọ̀, ohun tí gbogbo wọn sì nílò jù lọ láti rí ni kì í hàn títí di wákàtí tó kẹ́yìn.

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ kì í tilẹ̀ ṣe lórí wákàtí tí ìjì yóò dé, bí kò ṣe lórí bóyá oòrùn ní ọwọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1843, Heinrich Schwabe, ará Dessau ní Jámánì, tí ó ti ń ka àmì dúdú ojú oòrùn láti 1826 ní gbogbo ọjọ́ tí ìkùukùu bá gbà á láyè, kéde pé iye àwọn àmì náà ń pọ̀ sí i, ó sì ń dín kù, ní bí ọdún 10 síra wọn. Àwọn àmì wọ̀nyí jẹ́ ibi tí agbára òòfà oòrùn ti le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dí ooru lọ́nà àtigòkè, tí ibẹ̀ sì fi tutù ju àyíká rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Schwabe fúnra rẹ̀ kò lè mọ èyí nígbà ayé rẹ̀. Ní 1852, Edward Sabine, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bójú tó àwọn ibùdó ìwọ̀n òòfà ayé ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, rí i pé ìgbà tí àmì dúdú bá pọ̀ ni abẹ́rẹ́ òòfà ń gbọ̀n jù. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1859, Richard Carrington, ní ilé ìwòràwọ̀ tirẹ̀ ní Redhill ní Surrey, rí ìmọ́lẹ̀ funfun kan tí ó ṣàdéédé bù yẹ̀rì lórí àkójọ àmì dúdú ńlá kan. Richard Hodgson náà rí i láti ibòmíràn. Kò tó wákàtí 18 lẹ́yìn náà tí ìjì òòfà tí kò ì tíì sí irú rẹ̀ fi ja ayé, tí àwọn ẹ̀rọ wáyà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi dàrú, tí iná sì ń ta láti ara wọn.

Carrington kò sọ pé oòrùn ni ó fà á. Ó ṣọ́ra, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rí tó ń bọ̀. Ẹni tí kò ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ ni Lord Kelvin, tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ Royal Society ní 1892, ẹni tí ó fi ìṣirò hàn ní ọdún náà pé bí oòrùn bá fẹ́ fa ìjì òòfà kan ṣoṣo tí yóò lo wákàtí 8, iṣẹ́ tí yóò ṣe yóò tó èyí tí ó ń fi gbogbo ìmọ́lẹ̀ àti ooru rẹ̀ ṣe ní oṣù 4, nítorí náà kò lè ṣeé ṣe. Ìṣirò náà péye, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kò dúró, nítorí Kelvin gbà pé agbára náà ní láti jáde sí gbogbo ìhà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1904, Walter Maunder, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Greenwich, fi àkọsílẹ̀ ọdún gbọọrọ hàn pé ọ̀pọ̀ ìjì ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 27, iye ọjọ́ tí oòrùn fi ń yí po lójú ẹni tó wà láyé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìṣàn tóóró kan láti ibi kan pàtó lára oòrùn ni ó ń gbá ayé bí ó ti ń yí kọjá. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn òǹkàwé ìgbà náà ti kà á sí lọ: bí ohun tí oòrùn jù sílẹ̀ bá ní ìhà, a jẹ́ pé ó lè bà, ó sì lè tàsé, ibẹ̀ ni gbòǹgbò púpọ̀ nínú àìfẹnukò òde òní wà. Julius Bartels, ará Jámánì, tún fi kún un ní 1932 nígbà tí ó fi hàn pé àwọn ìjì kan ń ti ibi tí kò sí àmì dúdú kankan wá, tí ó sì pe àwọn ibi àìrí wọ̀nyí ní agbègbè M. Ogójì ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí awò inú òfurufú tó fi hàn pé ihò ńláńlá inú aṣọ iná tó yí oòrùn ká ni wọ́n, níbi tí afẹ́fẹ́ oòrùn ti ń rọ́nà sáré jáde.

Iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ wá. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ rédíò ni ó ti wá. Ìgbì rédíò kúkúrú tí àwọn ọkọ̀ òkun àti ìjọba fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ ń lọ sókè, ó sì ń ta padà láti ara ionosphere, ìpele afẹ́fẹ́ òkè tí ìtànṣán oòrùn ti sọ di oníná mànàmáná, nítorí náà nígbà tí oòrùn bá dà á rú, ọ̀rọ̀ a gé sáàárín. Láti 1928 ni wọ́n ti ń fi rédíò orí ilé gogoro Eiffel ní Paris kéde ìròyìn ojoojúmọ́ nípa ipò oòrùn àti òòfà ayé, èyí tí a mọ̀ sí ursigram. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ìròyìn di àsọtẹ́lẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí ó ní ọmọ ogun ní òkèèrè fẹ́ mọ irú ìgbì tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́la láti olú-ìlú rẹ̀ dé ojú ogun rẹ̀, kò sì sí èyí tí yóò fi àṣírí rẹ̀ han ọ̀tá. Amẹ́ríkà dá yàrá ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1942, èyí tí ó di ibi tí a ń pè ní Central Radio Propagation Laboratory ní 1946, tí ó sì kó lọ sí Boulder ní 1954. Ọsirélíà dá iléeṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ionosphere tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1947. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a bí láti dáhùn ìbéèrè ilẹ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú ibùdó ìwọ̀n tirẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ara wọn ní ọ̀nà tiwọn, a kò sì le retí pé kí ìdáhùn wọn bára mu lọ́jọ́ tí ogun parí.

Ọdún Ìwádìí Ayé tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ ṣe ní 1957 sí 1958 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú láti fi ohùn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Fort Belvoir ní Virginia ni a fi ṣe ibùdó ìkìlọ̀ fún gbogbo ayé, tí yóò máa kéde fún àwọn onímọ̀ níbi gbogbo pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ wọn nítorí ìjì ń bọ̀. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí a ti ṣiṣẹ́ náà: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ẹ̀rọ tí ń ta ìgbì rédíò sókè tí ó sì ń ka bí ó ti ń padà bọ̀ ti wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Agodi Onwumechili ti ṣe ìwádìí odò iná mànàmáná tí ń ṣàn lókè ní ọ̀sán lórí ìlà tí abẹ́rẹ́ òòfà ti ń dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ìyẹn ìlà agbedeméjì òòfà ayé, tí ó gba àárín Nàìjíríà kọjá. Ohun tí a rí ní Ìbàdàn kò rí bí èyí tí a ń rí ní Yúróòpù, nítorí ionosphere ìlà agbedeméjì ní ìwà tirẹ̀, òkìkí iṣẹ́ wọ̀nyí sì kàn dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Síbẹ̀ nígbà tí a sọ ètò ìkìlọ̀ náà di ètò ayérayé ní 1962, tí ó sì wá ń jẹ́ International Space Environment Service láti 1996, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ ṣe; ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pípín dátà láàárín ara wọn, kì í ṣe pé àsọtẹ́lẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Láàárín àkókò yìí, àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà ti ní àwọn asọtẹ́lẹ̀ oòrùn tiwọn, wọ́n sì já mọ́ nǹkan ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1967, nígbà tí ariwo rédíò láti inú oòrùn fọ́ rédà mẹ́ta lójú lẹ́ẹ̀kan náà, ní Alaska, ní Greenland àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọ̀gá ogun sì fẹ́ gbà pé Sófíẹ́ẹ̀tì ni ó ń ba rédà wọn jẹ́ kí ó tó kọlù wọ́n. Àwọn asọtẹ́lẹ̀ náà ló sọ pé oòrùn ni, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Ohun tí ológun fẹ́ mọ̀ ni ariwo rédíò yìí. Ohun tí àwọn tó ń rán ènìyàn lọ sí òṣùpá fẹ́ mọ̀ ni ìtànṣán tó lè ṣe ara ènìyàn níbi. Ohun tí oníná mànàmáná fẹ́ mọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí iná gbogbo ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà kú fún wákàtí 9 ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 1989, ni agbára tí ìjì òòfà yóò fà sínú wáyà gígùn. Ìtújáde kan náà láti inú oòrùn lè burú fún ọ̀kan nínú wọn kí ó má sì ṣe èkejì ní ohunkóhun, nítorí náà iléeṣẹ́ méjì lè kọ ohun tí ó dà bí àsọtẹ́lẹ̀ òdìkejì láìjẹ́ pé èrò wọn yàtọ̀ rárá.

Àìfẹnukò gidi, èyí tí èrò fi yàtọ̀ sí èrò, kò sí èyí tí ìpalára rẹ̀ hàn gbangba ju ti ilé-iṣẹ́ inú òfurufú Skylab lọ. NASA gbé Skylab lọ sókè ní oṣù Karùn-ún 1973. Àwọn tó gbé inú rẹ̀ kẹ́yìn kúrò ní 1974, a sì retí pé yóò wà lókè títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kí ọkọ̀ òfurufú tuntun lè wá tì í lọ sókè sí i. Ọ̀rọ̀ oòrùn ni ó wà lábẹ́ ìrètí yìí, nítorí nígbà tí oòrùn bá ń ṣiṣẹ́ gan-an, afẹ́fẹ́ òkè a gbóná, a wú, a sì máa fa ohun tí ń yí ayé po sílẹ̀. Ìṣirò tí NASA lò gbà pé ìyípo oòrùn tó ń bọ̀ kò ní le púpọ̀. Àwọn onímọ̀ NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ni iléeṣẹ́ Boulder, ti tẹ àsọtẹ́lẹ̀ tiwọn jáde ní 1976 pé yóò le. Desmond King-Hele ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ṣírò pé ọdún 1979 ni Skylab yóò já. Àjọ méjì lábẹ́ ìjọba kan náà ni NASA àti NOAA, ọ̀kan kò sì tẹ́tí sí èkejì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 1979 Skylab já bọ́, àfọ́kù rẹ̀ sì tú ká ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, ní agbègbè Esperance. Oríire ni pé kò pa ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi àsọtẹ́lẹ̀ méjì wé ara wọn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò. Bartels yìí kan náà ni ó gbé òǹkà K kalẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1930, tí ó ń fi nọ́mbà láti 0 dé 9 sọ bí òòfà ti gbọ̀n tó ní ibùdó kan láàárín wákàtí 3, tí ó sì da ti àwọn ibùdó pọ̀ ní 1949 láti rí òǹkà Kp fún gbogbo ayé. Kp tí a ń gbé jáde ní Potsdam ní Jámánì ń ti ibùdó 13 wá. Ṣùgbọ́n Boulder, tí kò lè dúró de gbogbo wọn, ń fi ìwọ̀nba ibùdó tí dátà wọn ń yá dé ṣe àfojúbù tirẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí Boulder kọ 6 níbi tí Potsdam kọ 5. Láti 1999 ni NOAA ti ń fi àmì G1 dé G5 sọ bí ìjì òòfà ti tó, níbi tí G1 ti bá Kp 5 mu, tí G5 sì bá Kp 9 mu, nítorí náà ìyàtọ̀ nọ́mbà kan ṣoṣo lè sọ ohun tí kò tó ìjì di ìjì lójú ará ìlú. Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn lórí oòrùn rárá, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ rí.

Ìgbà tí ọkọ̀ SOHO gòkè ní 1995, tí ACE sì tẹ̀ lé e ní 1997, ni iṣẹ́ náà di ti òde òní. Àwọn méjèèjì wà ní L1, ibi kan tó jìnnà sí ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 1.5 kìlómítà ní ìhà oòrùn, níbi tí agbára òòfà-ìwúwo oòrùn àti ti ayé ti gbè wọ́n kí wọ́n máa bá ayé rìn. SOHO ní awò tí ó fi àwo kékeré bo ojú oòrùn kí ó lè rí ohun tí ń jáde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ni ó sì sọ ìtújáde oòrùn di ohun tí a lè máa ṣọ́ lójoojúmọ́. Ìtújáde yìí, tí ó yàtọ̀ sí ìbúgbàmù ìmọ́lẹ̀ bí irú èyí tí Carrington rí, jẹ́ òkìtì gáàsì gbígbóná tí ó lè wúwo tó bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, tí ó gbé agbára òòfà oòrùn dání, tí ó sì ń lo ọjọ́ kan sí ọjọ́ 3 tàbí 4 kí ó tó dé ayé. Èyí tí ó ń bọ̀ wá bá ayé gan-an ni ó ṣòro jù láti wọ̀n, nítorí láti iwájú, òrùka ìmọ́lẹ̀ tí ń fẹ̀ yí oòrùn ká ni ó ń dà bí. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró lójú títì lóru kò ti lè fi iná iwájú mọ́tò tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ bí eré rẹ̀ ti tó, bẹ́ẹ̀ ni asọtẹ́lẹ̀ ní láti fojú bu eré, ìbú àti ìhà tí ìtújáde náà dojú kọ. Ní Boulder, ní Exeter àti ní ọ́fíìsì NASA, àwòṣe ìṣirò kan náà, Enlil, tí Dusan Odstrcil ṣe, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ òrìṣà afẹ́fẹ́ àwọn ará Sumer àtijọ́, ni kọ̀ǹpútà wọn ń lò. Boulder bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní 2011. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ya àwòrán bí ìtújáde náà ti rí lórí fọ́tò kí Enlil tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹnì kan bá sì fún un ní eré 900 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹlòmíràn fún un ní 1,100, ọ̀pọ̀ wákàtí ni yóò wà láàárín àsọtẹ́lẹ̀ wọn, láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà ṣe àṣìṣe kankan.

Èyí tí ó le jù kò tilẹ̀ sí nínú Enlil. Bí ìjì yóò ti le tó dúró lórí ìhà tí agbára òòfà inú ìtújáde náà kọjú sí nígbà tí ó bá kan ayé: bí ó bá kọjú sí gúúsù, yóò so mọ́ òòfà ayé, ilẹ̀kùn yóò ṣí, agbára yóò sì ya wọlé; bí ó bá kọjú sí àríwá, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Kò sí awò tó lè rí ìhà yìí láti òkèèrè. Inú L1 ni a ti ń mọ̀ ọ́n, nígbà tí ìtújáde náà bá gba ara ọkọ̀ ibẹ̀ kọjá, ìyẹn sì jẹ́ bí ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan kí ó tó dé ayé. Ohun tí gbogbo iléeṣẹ́ ń ṣe ṣáájú àsìkò yìí ni pé kí wọ́n fi ìrírí wọn dá a, níbi tí asọtẹ́lẹ̀ kan yóò ti gbójú lé ohun tí irú àmì dúdú bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí, tí òmíràn yóò sì kọ ohun tó wà láàárín nítorí kò fẹ́ dẹ́rù ba ará ìlú lásán. Níbi yìí ni ìmọ̀ ti parí tí ìdájọ́ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀, ìdájọ́ ènìyàn méjì kì í sì í dọ́gba.

Oṣù Kìíní 2014 fi èyí hàn ju ìgbà mìíràn lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, ìbúgbàmù ńlá kan, X1.2 lórí òṣùwọ̀n tí X jẹ́ ìpele tó ga jù lọ nínú rẹ̀, ṣẹlẹ̀ nítòsí àárín ojú oòrùn, ìtújáde tó bá a rìn sì ń sáré ju 2,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun gbogbo tí ìwé kọ́ asọtẹ́lẹ̀ ni ó wà níbẹ̀: ó le, ó yára, ó sì dà bí ẹni pé ayé ni ó dojú kọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kọ ìjì líle sílẹ̀ fún ọjọ́ 9, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà sì dá rọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé ẹrù lọ sí ibùdó òfurufú àgbáyé dúró fún ọjọ́ kan nítorí ìtànṣán. Ìgbà tí ọjọ́ 9 dé, ìrọ̀lẹ́ ni ìtújáde náà tó yọjú, Kp kò sì kọjá 3, èyí tí kò tó ìjì rárá. Ìwádìí tí Christian Möstl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé agbára òòfà tó wà nítòsí ibi tí ó ti jáde ni ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ni ó kan ayé, nígbà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ sí ìhà Mars, níbi tí ọkọ̀ Curiosity ti rí ipa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìhà tí Maunder ti rí ní Greenwich ní ohun tí ó lé ní ọ̀rúndún kan sẹ́yìn ni ó tún padà wá.

Láti 2013 ni NASA ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kan tí iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ onímọ̀ láti gbogbo ayé ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ wọn sí kí ìtújáde tó dé, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ lẹ́yìn náà pé òun ti mọ̀. Ìgbésẹ̀ akin ni, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n fún un. Nígbà tí Pete Riley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ náà wò ní 2018, ọ̀nà àsọtẹ́lẹ̀ tó lé ní 30 ni ó wà nínú rẹ̀, àṣìṣe wọn lórí àkókò ìdé sì jẹ́ bíi wákàtí 10 ní ìpíndọ́gba. Nítorí náà bí iléeṣẹ́ kan bá sọ pé aago 6 ìdájí, tí èkejì sì sọ pé aago 2 ọ̀sán, wọn kò tíì ta kora.

Àsọtẹ́lẹ̀ ọlọ́dún gbọọrọ náà kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ní oṣù Kẹrin 2007, ìgbìmọ̀ àwọn ògbógi tí NOAA àti NASA gbé kalẹ̀ láti sọ bí ìyípo oòrùn kẹrìnlélógún yóò ti rí pín sí méjì, wọn kò sì fi í pamọ́: apá kan ní iye àmì dúdú yóò ga dé bí 140, apá kejì ní kò ní kọjá 90, nítorí ọ̀nà tí apá kọ̀ọ̀kan gbà lóye bí agbára òòfà ṣe ń yípo nínú oòrùn yàtọ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n tó fẹnu kò sí 90. Ìyípo náà ga jù ní oṣù Kẹrin 2014, ó sì kéré, gẹ́gẹ́ bí apá kejì ti wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé lónìí yóò rí 116 níbi tí ó ti yẹ kí ó rí bí 82, nítorí ní oṣù Keje 2015 àwọn olùtọ́jú òǹkà náà ní Brussels tún gbogbo òṣùwọ̀n náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ti àtijọ́ lè bá ti òde òní mu. Bí òǹkàwé kò bá mọ èyí, yóò rò pé ìgbìmọ̀ náà tàsé níbi tí kò ti tàsé tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbìyànjú tó le jù láti mú ohùn ṣọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ òfurufú. Láti oṣù Kọkànlá 2019 ni ICAO, àjọ tó ń ṣètò ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, ti ní kí àwọn ibùdó tí a yàn máa gbé ìkìlọ̀ jáde ní ipò ara wọn, Amẹ́ríkà ní ẹyọ kan, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù kan ní ẹyọ kan, Ọsirélíà, Kánádà, Faransé àti Jàpáánù sì pa pọ̀ ṣe ẹ̀kẹta, kí Ṣáínà àti Rọ́ṣíà tó dara pọ̀ lẹ́yìn náà. Awakọ̀ òfurufú kò lè máa gbọ́ ohùn mẹ́ta lórí òkun, nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò kan, gbogbo wọn sì ti fẹnu kò sí ìwọ̀n tí ìkìlọ̀ yóò fi jáde. Ohun tí ètò yìí pa mọ́ ni ohùn kejì. Kò sọ èrò wọn di ọ̀kan. Ní oṣù Karùn-ún 2024, nígbà tí ìtújáde púpọ̀ láti àkójọ àmì dúdú kan ń lé ara wọn bọ̀, Boulder gbé ìkìlọ̀ G4 jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2005, ìjì náà sì wá dé G5, èyí tí a kò rí láti 2003. Ìkìlọ̀ náà dára púpọ̀, ó sì tún kéré sí ohun tó dé.

Àjọ òfurufú Yúróòpù ń múra láti gbé ọkọ̀ Vigil lọ ní 2031 sí ibi kan tí yóò ti máa wo ọ̀nà oòrùn sí ayé láti ẹ̀gbẹ́, èyí yóò sì dín àfojúbù eré àti ìhà kù. Kò ní yanjú ti àwa tó wà lábẹ́ ìlà agbedeméjì òòfà. Àwọn ibùdó 13 tí Kp ń ti ara wọn wá jìnnà réré sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, G4 tí Boulder kéde kò sì sọ bóyá GPS yóò dàrú ní Ìlọrin lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nítorí àwọn òkìtì afẹ́fẹ́ fúyẹ́ tí ń gòkè nínú ionosphere níhìn-ín ní àṣálẹ́ ni ìjì kan ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i, tí ìjì mìíràn sì ń pa. Ìbàdàn ti fi hàn láti àwọn ọdún 1950 pé ohun tí a rí ní ilẹ̀ yìí kò sí nínú ìwé Yúróòpù. Kí ìjọba àti àwọn yunifásítì wa náwó sí ẹ̀rọ ìwọ̀n òòfà àti ionosphere, kí wọ́n máa tọ́jú wọn, kí wọ́n sì máa fi dátà wọn ránṣẹ́ lójoojúmọ́, kí asọtẹ́lẹ̀ kan lè wà tí ó ń sọ̀rọ̀ láti ibi tí àwa wà.